Ṣé mesothelioma lè jẹ́ àjogúnbá? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ìdílé tí àrùn yìí ti wọlé

Nígbà tí dókítà bá dárúkọ mesothelioma fún ìdílé kan, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ ni pé kí ni ká ṣe fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Èkejì kì í tètè jáde lẹ́nu. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹnì kan tó rọra bi dókítà pé: àwa ọmọ ńkọ́? Èkejì yìí ni mo fẹ́ dáhùn, torí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá rò ó lóru.

Kí ni mesothelioma gan-an?

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó bo ẹ̀dọ̀fóró, tó sì tún tẹ́ inú àyà. Irú rẹ̀ wà nínú ikùn, ó wà yí ọkàn ká, ó sì wà yí kóró ẹpọ̀n ọkùnrin ká. Omi díẹ̀ máa ń wà láàárín rẹ̀, kí ẹ̀dọ̀fóró lè máa yọ̀ geere bá a ṣe ń mí sínú tá a ń mí síta. Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ lára awọ yìí là ń pè ní mesothelioma. Èyí tó bá awọ ẹ̀dọ̀fóró ló wọ́pọ̀ jù, ti inú ikùn ló tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, bó tiẹ̀ jẹ́ pé itòsí ara wọn ni wọ́n ń gbé.

Asbestos ni wọ́n ní ó ń fà á. Kí ni jíìnì wá ń wá níbẹ̀?

Òótọ́ ni, asbestos, ìyẹn ohun alumọ́ọ́nì kan tó ní fọ́nrán, ni olórí ohun tó ń fà á. Lọ́dún 1960, àwọn olùwádìí Wagner, Sleggs àti Marchand gbé ìtàn àwọn aláìsàn 33 jáde láti àgbègbè Cape ní South Africa, níbi tí wọ́n ti ń wa asbestos aláwọ̀ búlúù nínú ilẹ̀. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn gbangba. Fọ́nrán asbestos rí wẹ́wẹ́, ó sì ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Téèyàn bá fà á símú, ó lè rìn títí dé ibi awọ yẹn kó sì há síbẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú ara á gbìyànjú láti gbé e mì, àmọ́ ó gùn jù wọ́n lọ. Ibẹ̀ á wá di ojú egbò tí kì í jinná: ara á máa bínú sí i, DNA, ìyẹn ohun tí jíìnì wà nínú rẹ̀, á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì àyíká rẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọdún 20 sí 50 kí jẹjẹrẹ tó yọ.

Ṣùgbọ́n asbestos nìkan kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú eruku rẹ̀ ni kò ní mesothelioma títí wọ́n fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tó jẹ́ pé eruku táṣẹ́rẹ́ ló kàn wọ́n, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ rántí pé ó kàn wọ́n rí, tí àrùn náà sì mú wọn, nígbà míì lẹ́ni ogójì ọdún péré. Kí ló fà á tí eruku kan náà fi ń ṣe ènìyàn méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Apá kan ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tá a bá wáyé: jíìnì, ìyẹn ìtọ́sọ́nà inú sẹ́ẹ̀lì tá a jogún lọ́dọ̀ òbí.

Jíìnì wo ni?

Olórí wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní BAP1. Orí chromosome kẹta, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ló wà. Gbogbo wa la ní ẹ̀dà rẹ̀ méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ méjì ló kàn wá níbí. Ó máa ń ràn sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti tún DNA tó bá bàjẹ́ ṣe. Bí ìbàjẹ́ náà bá sì kọjá àtúnṣe, ó wà lára àwọn tó ń rí i pé sẹ́ẹ̀lì náà kú, kó má bàa gbé ìbàjẹ́ rẹ̀ kiri. Ẹ fojú inú wo olùṣọ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà kan. Ẹni tó jogún ẹ̀dà BAP1 tó ti bàjẹ́ wá sáyé pẹ̀lú olùṣọ́ kan ṣoṣo. Ilé ṣì ń ṣọ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí ìyẹn náà bá ṣubú nínú sẹ́ẹ̀lì kan, kò sí ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Irú ẹni yìí ni mo ní lọ́kàn níbikíbi tí mo bá ti sọ pé ẹnì kan ní BAP1 tàbí pé ó jogún rẹ̀.

Ọdún 2011 ni àṣírí yìí tú. Àwọn olùwádìí tí Joseph Testa àti Michele Carbone wà lára wọn tẹ̀ lé ìdílé méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Wisconsin, èkejì ní Louisiana, níbi tí mesothelioma ti ń pa ènìyàn léraléra láìjẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ asbestos. BAP1 tó bàjẹ́ ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé méjèèjì. Wọ́n tún yẹ àwọn aláìsàn 26 mìíràn wò, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé àrùn wọn ní í ṣe pẹ̀lú ìdílé. Méjì nínú wọn ní àyípadà BAP1, àwọn méjèèjì yìí sì ti ní jẹjẹrẹ inú ẹyinjú tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú nínú ìtàn yìí ni ti ẹyinjú yẹn, torí a ó padà síbẹ̀.

Mélòó nínú àwọn tó ní mesothelioma ló jogún irú jíìnì bẹ́ẹ̀?

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn 198 wò. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àyípadà àjogúnbá nínú ọ̀kan lára àwọn jíìnì tó ń dènà jẹjẹrẹ, BAP1 ló sì pọ̀ jù láàárín wọn. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan. Kò pọ̀ débi pé kí gbogbo ìdílé máa gbọ̀n, àmọ́ kò kéré débi tí dókítà á fi sọ pé òun ò ní béèrè.

Ilé àyẹ̀wò kọ ọ́ pé "BAP1 ti sọnù" nínú ẹran tí wọ́n gé lára bàbá wa. Ṣé ó ti tán nìyẹn, àwa náà ti jogún rẹ̀?

Rárá o. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ìdílé máa ń rí kà nínú èsì àyẹ̀wò, gbólóhùn yìí ló ń da ọkàn rú jù, ó sì dùn mí pé wọn kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ohun tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀ ni kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ó ju ìdajì lọ nínú gbogbo mesothelioma tó ń pàdánù BAP1 láàárín ìgbà tí jẹjẹrẹ náà ń dàgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú kókó yẹn nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, kò sí nínú àtọ̀ tàbí ẹyin tó fi bímọ, nítorí náà kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn dókítà tiẹ̀ máa ń wá a kí wọ́n lè mọ̀ dájú pé mesothelioma ni.

Èyí tó ń kọjá sí ọmọ ni èyí tó wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara látọjọ́ tí wọ́n ti lóyún ẹni. Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ẹnu ni wọ́n fi ń wá ìyẹn. Tí ẹ bá rí "BAP1 ti sọnù" nínú ìwé, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé inú kókó ni wọ́n ti rí i ni, àbí inú ẹ̀jẹ̀?

Bí òbí kan bá ní in, ṣé gbogbo ọmọ ló máa jogún rẹ̀?

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀dà méjì ni òbí náà ní, ọ̀kan dáa, ọ̀kan bàjẹ́, ẹyọ kan ló sì máa fún ọmọ. Ohun tí àkọ́bí gbà kò dí ohun tí àbúrò rẹ̀ máa gbà lọ́wọ́: mẹ́rin lè bọ́ nínú mẹ́rin, mẹ́rin sì lè jogún rẹ̀. Ọkùnrin ń jogún rẹ̀ bí obìnrin, bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ bí ìyá ti ń fi sílẹ̀. Kò fo ìran. Bó bá dà bíi pé ó fo ìran kan, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó wà láàárín ní jíìnì náà ṣùgbọ́n àrùn kò ṣe é, tàbí nǹkan mìíràn ló pa á kí àrùn tó débẹ̀.

Ẹni tí kò bá jogún rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀ka tirẹ̀ ti já nínú rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe lè rìn jìnnà tó, Carbone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìtàn kan jáde ní 2015. Àwọn ìdílé kan ní Amẹ́ríkà tí wọn ò mọ ara wọn rí ní àyípadà BAP1 kan náà gẹ́lẹ́. Wọ́n wá ìtàn ìran wọn sẹ́yìn, ìran mẹ́sàn-án gbáko, títí wọ́n fi bá tọkọtaya kan tí wọ́n bí ní Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, tí wọ́n sì ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ̀rún àìmọye ọmọ-ọmọ ló ti ara wọn jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè dárúkọ tọkọtaya ọ̀hún tá a bá bi wọ́n, síbẹ̀ ohun tí àwọn yẹn fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Bàbá àti ìyá mi ló ní mesothelioma. Ìyẹn kò ti fi hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá?

Ẹ dúró díẹ̀. Tọkọtaya kò bá ara wọn tan, àmọ́ wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Ẹ wo ọkùnrin tó ti ibi tí wọ́n ti ń fi asbestos wé páìpù dé. Eruku funfun wà lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ìyàwó á gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó tó rì í sómi. Ọmọ kékeré á sáré wá dì mọ́ bàbá rẹ̀ kó tó wẹ̀. Lójoojúmọ́ nìyẹn, fún ogún ọdún. Lọ́dún 1965, àwọn olùwádìí Newhouse àti Thompson tọ́ka sí i nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní London pé àwọn tí ìbátan wọn ń ṣiṣẹ́ asbestos wà nínú àwọn tí mesothelioma mú, àwọn ìyàwó tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ wọn ló sì pọ̀ jù láàárín wọn.

Fún ìdí yìí, bí àrùn náà bá mú ẹni méjì nínú ilé kan, ìbéèrè méjì ló yẹ kó jáde pọ̀: kí ni wọ́n jọ jogún, kí sì ni wọ́n jọ fà símú? Nígbà míì, ìdáhùn sí méjèèjì ni bẹ́ẹ̀ ni.

Kò síbi tí èyí ti hàn bí àwọn abúlé Karain àti Tuzköy ní Kapadókíà, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Láti àwọn ọdún 1970 ni dókítà Izzettin Barış ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn. Mesothelioma ń pa àwọn ará ibẹ̀ lọ́nà tí wọn kò rí irú rẹ̀ rí níbikíbi. Kì í ṣe asbestos ló wà nínú òkúta tí wọ́n fi kọ́lé, erionite ni, ohun alumọ́ọ́nì tí fọ́nrán rẹ̀ léwu ju asbestos lọ pàápàá. Àmọ́ àwọn ará abúlé ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé àrùn náà ń bá àwọn ilé kan jà, ó sì ń fo àwọn mìíràn. Àwọn olùwádìí ronú nígbà kan pé jíìnì ló fà á, àwọn mìíràn sì tọ́ka sí i pé òkúta ilé kan ní erionite ju ti ilé kejì lọ. Ohun tó dájú ni pé àwọn tó ti abúlé náà ṣí lọ sí Yúróòpù ṣì ń kó àrùn náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, torí fọ́nrán tí wọ́n ti fà símú bá wọn rìnrìn àjò ọ̀hún.

Àmì wo ló lè jẹ́ ká fura pé ti ìdílé ni?

Ẹ mú bébà kan àti pẹ́ńsù. Ọ̀nà tí àwọn olùdámọ̀ràn nípa jíìnì máa ń gbà yà á ni pé ọkùnrin á jẹ́ àpótí onígun mẹ́rin, obìnrin á jẹ́ òbìrí, ẹni tó ti kú á ní ìlà tó dábùú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ kọ àwọn òbí sókè rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá lọ sórí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá, àbúrò ìyá, àtàwọn ọmọ wọn. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ irú jẹjẹrẹ tó ní, tó bá ní, àti ọjọ́ orí tó fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ẹ ò bá ti mọ̀, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i, kẹ́ ẹ wá pe àgbà tó mọ̀.

Ẹ má ṣe béèrè mesothelioma nìkan. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n yọ ẹyinjú rẹ̀ nítorí kókó. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n gé kíndìnrín rẹ̀ kan kúrò. Ẹ béèrè ti awọ ara. Àwọn àgbà lè sọ pé "ojú ló ń dùn ún", kó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ inú ẹyinjú ni. Mo mọyì ìwé tí wọ́n yà bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò olówó gọbọi lọ, torí òun ló ń sọ fún dókítà ohun tó yẹ kó wá.

Bí aláìsàn náà kò bá tíì pé 60 ọdún, tàbí tó jẹ́ pé inú ikùn ni mesothelioma rẹ̀ wà, tàbí tí kò sí asbestos nínú ìtàn ayé rẹ̀, tàbí tó ti ní jẹjẹrẹ mìíràn rí, ó yẹ kí ìfura pọ̀ sí i. Láàárín àwọn tó jogún BAP1, obìnrin tí mesothelioma ń mú fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ọkùnrin, yàtọ̀ sí bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn yòókù tó jẹ́ pé ọkùnrin ló pọ̀ jù, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Àrùn wo mìíràn ni BAP1 ń fà?

Jẹjẹrẹ inú ẹyinjú, jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma, àti irú jẹjẹrẹ kíndìnrín kan ni mẹ́ta tó tún gbajúmọ̀ jù pẹ̀lú mesothelioma. Àwọn mìíràn wà tó ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ.

Àmì kan tún wà tí ojú lásán lè rí. Àwọn tó jogún rẹ̀ lè ní kókó kéékèèké lára awọ wọn, tó yọ sókè bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n pín sí méjì, tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ara tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kò sábà ju mìlímítà 5 lọ. Kì í dunni, kì í yúnni, èèyàn sì lè ní púpọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ láìbìkítà. Fúnra rẹ̀, kì í sábà pani lára. Àmọ́ fún dókítà awọ ara tó bá mọ̀ ọ́n, àmì ni.

Ṣé BAP1 nìkan ni?

Rárá. Wọ́n ti rí àyípadà àjogúnbá nínú àwọn jíìnì bíi BRCA1, BRCA2, TP53, CHEK2, MLH1 àtàwọn mìíràn lára àwọn tó ní mesothelioma. Ọ̀pọ̀ nínú wọn la ti mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọmú, ti ilé ẹyin tàbí ti ìfun. Mi ò ní fẹ́ kí obìnrin tó mọ̀ pé òun ní àyípadà BRCA2 wá fi mesothelioma kún ohun tó ń bà á lẹ́rù. Agbára tí àwọn wọ̀nyí ní lórí mesothelioma kò ṣeé fi wé ti BAP1.

Bí mo bá ní jíìnì náà, tí mi ò sì fara kan asbestos rí, ṣé mo bọ́?

Ewu yín kéré sí ti ẹni tó ní méjèèjì, àmọ́ kò parẹ́, torí mesothelioma ti mú àwọn tó ní BAP1 láìsí ẹni tó mọ ibi tí asbestos ti kàn wọ́n.

Àwọn olùwádìí dán an wò lára eku. Wọ́n fún àwọn eku tí ẹ̀dà BAP1 wọn kan bàjẹ́ àtàwọn tí tiwọn pé ní asbestos lọ́nà kan náà. Nínú èsì tó jáde ní 2014, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí jíìnì wọn bàjẹ́ ló ní mesothelioma, nígbà tó jẹ́ ìdá 32 lára àwọn yòókù. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé asbestos kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe eku tí ara rẹ̀ pé ní nǹkan kan lè kó bá eku tó ní àyípadà yìí. Mo rò pé ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: jíìnì náà ń sọ eruku kékeré di ńlá. A ò lè pààrọ̀ jíìnì, àmọ́ a lè sá fún eruku. Ẹni tó ní BAP1 kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ wó àjà àtijọ́, kò gbọ́dọ̀ gé páànù asbestos, kò sì gbọ́dọ̀ gbá eruku ilé tí wọ́n ń tún ṣe láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìtànṣán tún wà nínú ohun tó ń ba DNA jẹ́. Wọ́n ti rí mesothelioma lára àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àyà wọn lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn nítorí jẹjẹrẹ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń yan MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, tàbí ẹ̀rọ olóhùn tí wọ́n fi ń wo aboyún, dípò CT tó ń lo ìtànṣán, fún àwọn tó ní BAP1, bí iṣẹ́ náà bá ṣeé fi wọ́n ṣe.

Sìgá ńkọ́?

Sìgá kì í fa mesothelioma. Àmọ́ bí ẹni tó ti fa asbestos símú bá tún ń mu sìgá, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń lúgọ dè é. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò?

Ẹni tí àrùn náà wà lára rẹ̀. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá kọ́kọ́ ṣe é, tí wọn ò rí nǹkan kan, a ò ní mọ̀ bóyá ó bọ́ ni, tàbí a kàn ń wá ohun tí kò sí nínú ìdílé náà rí. Bí wọ́n bá ti rí àyípadà lára aláìsàn, gbogbo àwọn yòókù á kàn lọ wá ẹyọ ibi kan yẹn ni, ìdáhùn á sì ṣe kedere. Ní 2025, ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi àyẹ̀wò jíìnì àjogúnbá lọ àwọn tó ní mesothelioma awọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà yín kò bá mẹ́nu kàn án, ẹ béèrè, kò sí àrífín níbẹ̀.

Ìyá wa ti kú. Ṣé àǹfààní àyẹ̀wò ti bọ́ nìyẹn?

Kò tíì bọ́. Ilé ìwòsàn sábà máa ń tọ́jú ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò sínú ìda fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n lè lo apá tí jẹjẹrẹ kò sí nínú rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ wo ìwé tí ẹ yà: ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ojú, ti awọ ara tàbí ti kíndìnrín ló kàn.

Irú èsì wo ló lè jáde?

Ó lè jẹ́ "a rí i", ó lè jẹ́ "a ò rí i". Ìkẹta ló máa ń dààmú ènìyàn: "a rí àyípadà kan, àmọ́ a ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣe nǹkan kan." Irú èyí wọ́pọ̀. Ẹ má ṣe torí rẹ̀ ṣe ìpinnu kankan nípa ara yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa padà béèrè lẹ́yìn ọdún mélòó kan, torí ìmọ̀ ń pọ̀ sí i, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń padà já sí ohun tí kò léwu.

Wọ́n ti rí BAP1 lára mi. Kí ló kàn?

Ẹ sunkún bó bá ń gbọ̀n yín, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti rí BAP1 lára wọn ló ní ó kéré tán jẹjẹrẹ kan láyé wọn, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n inú àwọn ìdílé tí àrùn ti pọ̀ ni wọ́n ti sábà ń wá a, ìyẹn sì ń mú kí ewu náà dà bíi pé ó ga ju bó ṣe rí fún gbogbo ẹni tó ní in. Nínú àwọn àrùn tó ń fà, a lè tètè rí ti ojú, ti awọ ara àti ti kíndìnrín, ká sì ṣe nǹkan sí i. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ lọ bá dókítà ojú lọ́dọọdún, kó kán oògùn tó ń mú kí ẹyinjú ṣí sí i, kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nítorí gíláàsì ojú nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí dókítà awọ ara wo gbogbo ara yín látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ya àwòrán ikùn àti kíndìnrín ní àkókò tí dókítà bá dá. Ẹ yẹra fún oòrùn tó ń jóni lára.

Ti mesothelioma fúnra rẹ̀ ṣòro díẹ̀. Kò tíì sí àyẹ̀wò kan tó ń rí i ní kùtùkùtù tó dájú bí a ṣe fẹ́. Nítorí náà, bí mímí bá ń ṣòro, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dunni láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ikùn ń wú láìnídìí, ẹ má ṣe dúró wò ó fún oṣù mẹ́ta. Ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì dárúkọ BAP1 fún ẹni tó bá ń tọ́jú yín, torí ọ̀pọ̀ dókítà ni kò ní rántí. Àwọn kan ti bi mí pé ṣé wọn ò lè gé awọ náà dànù kó tó di jẹjẹrẹ. Rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ṣé ti àwọn tó jogún rẹ̀ máa ń burú ju ti àwọn yòókù lọ?

Òdìkejì ni, ó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní mesothelioma pẹ̀lú BAP1 àjogúnbá ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Láàárín àwọn aláìsàn yòókù tí wọ́n fi wé, kò tó ìdá 7. Ìwádìí mìíràn, ní 2019, fi hàn pé àwọn tó jogún irú àwọn jíìnì àtúnṣe DNA wọ̀nyí ń pẹ́ láyé jù lẹ́yìn tí wọ́n bá gba oògùn jẹjẹrẹ tó ní platinum nínú. Ó bọ́gbọ́n mu: sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò lè tún DNA rẹ̀ ṣe kì í fara da oògùn tó ń ba DNA jẹ́.

Èyí kò sọ pé gbogbo wọn ló ń yè. Àmọ́ bí aláìsàn bá ní BAP1, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé fún àwọn yòókù dá tirẹ̀.

Àwọn ọmọ kékeré ńkọ́?

Mesothelioma kì í sábà yọ lára ọmọdé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi máa ń dúró kí ọmọ dàgbà kó lè fẹnu ara rẹ̀ yàn. Ti ojú ló ń mú kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, torí wíwo ojú máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún ọ̀dọ́langba. Ọ̀rọ̀ òbí, ọmọ àti olùdámọ̀ràn nípa jíìnì ni, kì í ṣe ìpinnu ọjọ́ kan.

Bí wọ́n bá rí jíìnì lára mi, ṣé ilé iṣẹ́ tó kó asbestos bá mi kò ní sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ló jẹ̀bi?

Àwọn agbẹjọ́rò kan ti gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Lójú ìmọ̀ ìṣègùn, jíìnì kò pa ẹ̀ṣẹ̀ eruku rẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti kọ eruku ni eruku ń pa lára jù. Òfin yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíràn, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe àyẹ̀wò bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin GINA ti 2008 kò gba ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera àti agbanisíṣẹ́ láyè láti fi jíìnì ẹni fìyà jẹni, àmọ́ kò kan ìbánigbófò ẹ̀mí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi?

Ẹ má ṣe sọ ọ́ níbi ìsìnkú, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹbí níbi tí ogójì ènìyàn ti máa kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá jẹ́ àbúrò, ẹ lè wá àgbà kan tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún láti bá yín jókòó, kó má bàa dà bíi pé ọmọdé ń fi àrùn lé àgbà lórí. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ kò gùn: "Wọ́n rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ mi tó lè wà nínú tiyín náà. Kò túmọ̀ sí pé àrùn wà lára yín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ló lè sọ." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹlòmíràn á fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn kò ní fẹ́ mọ̀ láéláé, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ní kí ilé ìwòsàn kọ lẹ́tà kan tí ẹ lè fún wọn, tó ní orúkọ jíìnì náà, àyípadà náà gẹ́lẹ́ bí ilé àyẹ̀wò ṣe kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀, àti orúkọ ilé àyẹ̀wò tó ṣe é. Láìsí nọ́ńbà wọ̀nyẹn, ilé àyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n yín bá lọ kò ní mọ ibi tó máa wò. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ púpọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan sínú ìwé tí ẹ ya orúkọ ìdílé sí.